Bí Ẹni Tó Ń Gun Kẹ̀kẹ́ Ṣe Lè Bọ́ Lọ́wọ́ Awakọ̀ Oníbìínú Lójú Títì Ìlú Ńlá

Ẹni tí ó bá ń gun kẹ̀kẹ́ ológeere lójú títì ìlú ńlá yóò bá awakọ̀ oníbìínú pàdé lọ́jọ́ kan, bí ó ti wù kí ó ṣọ́ra tó. Ẹlòmíràn yóò máa tẹ fèrè mọ́ ọn lẹ́yìn láìdákẹ́, ẹlòmíràn yóò gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá débi pé dígí ọkọ̀ yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ kan apá rẹ̀, ẹlòmíràn yóò sì sọ gíláàsì kalẹ̀ kí ó lè rọ èébú lé e lórí. Ohun tí mo fẹ́ kọ síhìn-ín ni ọ̀nà tí a lè gbà dín irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ kù, ohun tí a ó ṣe nígbà tí ó bá ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́, àti ohun tí ó yẹ ní ṣíṣe lẹ́yìn rẹ̀. Ìpìlẹ̀ gbogbo rẹ̀ ni pé kò sí irin tí ó bo ara wa. Bí ọkọ̀ àti kẹ̀kẹ́ bá kọlu ara wọn, awakọ̀ yóò lọ kun ọkọ̀ rẹ̀ ní ọ̀dà, àwa ni egungun wa yóò kán. Nítorí náà, kì í ṣe kí a jàre ni a ń wá lójú títì. Kí a délé ni.

Ẹ mọ irú ẹni tí ó wà lẹ́yìn yín

Inú orí ni ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀, kí ẹsẹ̀ tó kan kẹ̀kẹ́. Awakọ̀ tí ó ń fi ẹ̀mí wa wéwu kì í ṣe oríṣi kan ṣoṣo. Èkíní ni ẹni tí kò rí wa rárá, nítorí pé ọkọ̀ bíi tirẹ̀ ni ojú rẹ̀ ń wá, tàbí nítorí pé fóònù ni ó ń wò. Èkejì ni ẹni tí ó rí wa ṣùgbọ́n tí kò mọ bí a ti ń yára tó, tí ó rò pé òun lè ya níwájú wa kí a tó débẹ̀, tàbí pé àyè tí ó kù tó òun kọjá. Ẹ̀kẹta ni ẹni tí ó rí wa dáadáa tí ó sì mọ̀ọ́mọ̀ fẹ́ dẹ́rù bà wá. Lójú ẹni tí ó wà lórí kẹ̀kẹ́, ìṣe àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọra wọn, ṣùgbọ́n ìrírí mi ni pé àwọn méjì àkọ́kọ́ pọ̀ ju ẹ̀kẹta lọ. Bí a bá mú gbogbo wọn lọ́tàá, a ó sọ àṣìṣe lásán di ìjà. Bí a bá sì rò pé àṣìṣe ni gbogbo wọn ń ṣe, a lè dúró pẹ́ jù níwájú ẹni tí ó fẹ́ pa wá lára. Ohun tí ẹ óò máa bi ara yín léèrè nígbà gbogbo ni pé: ṣé ó rí mi? Ṣé ó mọ ibi tí mo fẹ́ gbà? Ṣé ó ti ń bínú?

Púpọ̀ nínú ìbínú náà wá láti inú èrò pé ọlọ́kọ̀ nìkan ni ó ni títì. Òfin kò sọ bẹ́ẹ̀. Àdéhùn tí wọ́n ṣe ní Vienna ní ọdún 1968 lórí ìrìnnà ojú pópó ka kẹ̀kẹ́ mọ́ ọkọ̀, ó sì ka ẹni tí ó ń gùn ún mọ́ awakọ̀. Ẹ wá òfin ìlú tí ẹ wà kà kí ẹ sì mọ̀ ọ́n dunjú, pàápàá jù lọ àyè tí ọkọ̀ gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀ nígbà tí ó bá ń kọjá lára kẹ̀kẹ́. Ní Jámánì, láti ọdún 2020, ó di mítà kan àbọ̀ láàárín ìlú àti mítà méjì lẹ́yìn ìlú. Ní ilẹ̀ Faransé, mítà kan ni láàárín ìlú, ó sì di mítà kan àbọ̀ lẹ́yìn ìlú. Kì í ṣe pé ẹ óò máa ka òfin fún awakọ̀ lójú pópó, ìyẹn kì í so èso rere. Ìwúlò rẹ̀ ni pé ẹni tí ó mọ ẹ̀tọ́ rẹ̀ kì í gbọ̀n lórí kẹ̀kẹ́, yóò sì mọ ohun tí òun yóò sọ bí ọ̀rọ̀ bá délé ẹjọ́.

Kí ẹ tó jáde

Ẹ dán bíréèkì méjèèjì wò, ẹ fọwọ́ tẹ táyà, kí ẹ sì tan iná funfun níwájú àti iná pupa lẹ́yìn, ìbáà tilẹ̀ jẹ́ ọ̀sán ni. Aṣọ tí ó mọ́lẹ̀ dára lọ́sàn-án, ṣùgbọ́n lóru, ohun tí iná ọkọ̀ bá kàn tí ó ń tàn padà ni ó wúlò jù, ó sì dára kí ó wà ní ọrùn ẹsẹ̀, nítorí pé ẹsẹ̀ tí ń lọ sókè sódò ni ojú awakọ̀ máa ń tètè mọ̀ pé ènìyàn ni. Ẹ dé akoto. Ṣùgbọ́n kí ẹ rántí pé bí ẹ bá ṣubú ni akoto wúlò, kò lè dá ọkọ̀ dúró.

Lẹ́yìn èyí, ẹ yan ọ̀nà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa gba ọ̀nà tí wọ́n ń fi ọkọ̀ gbà nígbà tí wọn kò tíì ní kẹ̀kẹ́, àṣìṣe ńlá sì ni. Ọkọ̀ tí ó ń sáré 50 kìlómítà ní wákàtí kan ń jẹ nǹkan bíi mítà 14 ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ni pé kí awakọ̀ tó gbé ẹsẹ̀ lé bíréèkì rárá, ọkọ̀ rẹ̀ ti rìn ju gígùn bọ́ọ̀sì ńlá kan lọ. Agbára tí ọkọ̀ fi ń kọlu nǹkan nígbà tí ó bá ń sáré 60 sì jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin ti ìgbà tí ó bá ń sáré 30. Òpópónà kékeré tí ọkọ̀ ti ń rìn jẹ́jẹ́ lè fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá kún ìrìn yín, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìjà ni ẹ kò ní bá pàdé níbẹ̀. Ẹ lọ wo ọ̀nà náà ní ọjọ́ ìsinmi, kí ẹ ti mọ ibi tí kòtò wà àti ibi tí títì ti fún.

Ibi tí ẹ óò gbà lójú títì

Èyí ni mo kà sí pàtàkì jù lọ nínú gbogbo ohun tí mo ń kọ, òun náà ni ó sì ṣòro jù láti gbà gbọ́ fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rù a máa ti ènìyàn lọ sí etí títì pátápátá, lẹ́bàá gọ́tà, nítorí ó rò pé bí òun bá ti jìnnà sí ọkọ̀ tó ni ewu yóò ti jìnnà sí òun tó. Òdìkejì ni ó sábà máa ń ṣẹlẹ̀. Etí títì ni àfọ́kù ìgò, iyanrìn àti ìdérí gọ́tà máa ń wà, bí ẹ bá sì yà lójijì láti yẹra fún wọn, iwájú ọkọ̀ gan-an ni ẹ óò yà sí. Yàtọ̀ sí ìyẹn, awakọ̀ tí ó bá rí yín ní etí pátápátá yóò rò pé òun lè kọjá nínú léènì kan náà, ìyẹn àyè tí ọkọ̀ kan ń gbà láàárín ìlà tí wọ́n fà sójú títì, láìjẹ́ pé òun yí ọwọ́ ọkọ̀ rárá. Yóò sì fún ara rẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ yín kọjá. Àyè tí ẹ̀rù yín fi sílẹ̀ ni ó lò.

Nítorí náà, kí ó kéré tán, ẹ jẹ́ kí ìdajì mítà wà láàárín yín àti etí títì. Níbi tí léènì bá fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ọkọ̀ lè kọjá lára yín láìfún mọ́ yín, ẹ gba ibẹ̀ lọ ní gbọọrọ. Níbi tí kò bá ti fẹ̀ tó, ẹ bọ́ sí àárín léènì kí ó tó di pé ọ̀nà fún, kí awakọ̀ tí ń bọ̀ lẹ́yìn lè rí i láti òkèèrè pé bí òun bá fẹ́ kọjá, àfi kí òun bọ́ sí léènì kejì gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó fẹ́ ya ọkọ̀ mìíràn sílẹ̀. Àárín léènì náà ni ó yẹ kí ẹ wà bí ẹ bá ń sún mọ́ oríta, bí ẹ bá ń wọ kọ́nà tí a kò rí òpin rẹ̀, àti bí ọkọ̀ tí ó wà níwájú yín bá ń rìn jẹ́jẹ́ bíi tiyín. Kì í ṣe èmi nìkan ni mo sọ bẹ́ẹ̀: ìwé ìlànà ojú pópó ilẹ̀ Britain, èyí tí wọ́n ṣe àtúnṣe sí ní oṣù kìíní ọdún 2022, gba àwọn tí ń gun kẹ̀kẹ́ níyànjú láti wà ní àárín léènì ní àwọn òpópónà tí kò ní èrò, níbi tí ọkọ̀ bá ti ń fà, àti ní ibi tí oríta bá ti súnmọ́.

N kò ní fi pamọ́ pé àárín léènì yìí gan-an ni ó máa ń bí àwọn awakọ̀ kan nínú jù. Fèrè yóò dún. Ṣùgbọ́n awakọ̀ tí ó ń tẹ fèrè mọ́ yín ti rí yín, ẹni tí ó bá sì ti rí yín kì í sábà ṣèèṣì gbá yín bí ẹni tí kò rí yín rárá. Láàárín fèrè àti dígí ọkọ̀ tí ó ń fẹ́ mi létí, fèrè ni mo yàn. Bí ọ̀nà bá tún fẹ̀, ẹ padà sí ẹ̀gbẹ́ láìjáfara, nítorí awakọ̀ tí ó bá ti rí i pé ẹ kò di òun lọ́nà ju bí ó ti yẹ lọ kì í sábà bínú pẹ́. Ní títì tí ọkọ̀ ti ń sáré gidigidi, ní tèmi o, kì í ṣe àárín léènì ni ìdáhùn. Ìdáhùn ni kí a wá ọ̀nà mìíràn.

Ọkọ̀ tí wọ́n gúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ títì ń kọ́? Ẹ fi tó mítà kan sílẹ̀ fún wọn, ó kéré tán, nítorí ilẹ̀kùn tí ẹnì kan ṣí láìwẹ̀yìn lè sọ yín sí iwájú ọkọ̀ tí ń bọ̀. Ẹ má sì ṣe máa wọlé jáde láàárín wọn. Bí ẹ bá rí àlàfo láàárín ọkọ̀ méjì tí ó gúnlẹ̀, ẹ má kó sínú rẹ̀, ẹ máa lọ tààrà, nítorí ìgbà tí ẹ bá ń jáde padà ni awakọ̀ kò ní retí yín.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ ohun tí ẹ fẹ́ ṣe

Ẹni tí a kò mọ ohun tí ó fẹ́ ṣe a máa mú inú bí ènìyàn. Kí ẹ tó yà tàbí kí ẹ tó kúrò ní ẹ̀gbẹ́ bọ́ sí àárín, ẹ kọ́kọ́ bojú wẹ̀yìn, kí ẹ na ọwọ́ sí ibi tí ẹ fẹ́ gbà, kí ẹ tún bojú wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kejì láti rí i bóyá ẹni tí ń bọ̀ ti fi àyè sílẹ̀, lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá bọ́ síbẹ̀. Ẹ fi ibi tí ọkọ̀ kò sí kọ́ bí a ti ń bojú wẹ̀yìn láìjẹ́ kí kẹ̀kẹ́ yà bàrá. Bíbojú wẹ̀yìn yìí ń ṣe ju kí ẹ ríran lọ: awakọ̀ tí ó ti ń wo ẹ̀yìn yín látàárọ̀ yóò rí ojú yín, yóò sì mọ̀ pé ọmọ ènìyàn kan ni ó wà níwájú òun. Bí ó bá fi àyè sílẹ̀, ẹ gbé ọwọ́ sókè dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ má ṣe gba iná pupa kọjá, ẹ má sì ṣe gba ojú ọ̀nà tí kì í ṣe tiyín. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ọlọ́kọ̀ náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tí ẹ bá ṣe, ẹni tí yóò gun kẹ̀kẹ́ tẹ̀lé yín ni yóò gbọ́ èébú rẹ̀.

Ọkọ̀ ńlá àti oríta

Tírélà àti bọ́ọ̀sì yàtọ̀. Ibi tí awakọ̀ wọn kò lè rí pọ̀: iwájú gan-an lábẹ́ gíláàsì, ẹ̀yìn, àti ẹ̀gbẹ́ tí ó jìnnà sí ibi tí ó jókòó sí. Bí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá fẹ́ ya, ẹ̀yìn rẹ̀ kì í gba ibi tí iwájú gbà, ńṣe ni yóò fún mọ́ kọ́nà náà, ohunkóhun tí ó bá sì wà láàárín rẹ̀ àti etí títì yóò há síbẹ̀. Ẹni tí a fẹ́ sun jẹ kì í fi epo para jókòó sídìí iná. Bí tírélà bá dúró ní oríta, ẹ má ṣe yọ́ gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ síwájú, bí àyè tilẹ̀ wà, tí kò sì tan iná pé òun fẹ́ yà. Ẹ dúró sí ẹ̀yìn rẹ̀ níbi tí ẹ ti lè rí dígí rẹ̀. Bí ẹ kò bá rí ojú awakọ̀ nínú dígí, òun náà kò rí yín.

Bí ó bá ń lé yín lẹ́yìn, tí ó ń tẹ fèrè

Ohun àkọ́kọ́ tí ara yóò fẹ́ ṣe ni kí ó sáré sí i tàbí kí ó ya sí ẹ̀gbẹ́ lójijì. Ẹ má ṣe èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ẹ di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú ṣinṣin láìfún un jù, kí ẹ máa lọ ní gbọọrọ bí ẹ ti ń lọ tẹ́lẹ̀, kí ẹ sì bojú wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan kí ó lè mọ̀ pé ẹ ti gbọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ máa wá ibi tí ẹ lè yà sí ní ti yín, tí ọ̀nà fẹ̀ tàbí tí ẹnu ọ̀nà ilé kan wà. Bí ẹ bá débẹ̀, ẹ yà, ẹ jẹ́ kí ó kọjá. Èyí kì í ṣe ojo. Ẹ̀yin ni ẹ yan ibi tí ó ti kọjá lára yín, kì í ṣe òun. Àmọ́, bí ó bá tilẹ̀ ń fi iwájú ọkọ̀ rẹ̀ kan táyà yín, ẹ má dúró de ibi tí ó dára, ẹ kúrò lójú títì ní kíá.

Bí ó bá ti gba ẹ̀gbẹ́ yín kọjá

Ní ìṣẹ́jú-àáyá yẹn, iṣẹ́ kan ṣoṣo ni ó wà: kí kẹ̀kẹ́ má ṣubú. Bí ó bá jẹ́ ọkọ̀ ńlá, afẹ́fẹ́ rẹ̀ yóò kọ́kọ́ tì yín, yóò sì tún fà yín bí ìdí rẹ̀ bá ń kọjá, nítorí náà ẹ má ṣe yí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ láti bá a jà. Ẹ dẹ ẹsẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni ọkàn yóò máa lù kìkì, ọwọ́ yóò sì máa gbọ̀n, ohun tí yóò sì wá sí yín lọ́kàn ni láti lépa rẹ̀ dé ibi iná kí ẹ lè sọ ọ̀rọ̀ sí i. Èmi náà ti ṣe é rí. Mo bá ọkọ̀ kan dé ibi iná, mo fi ọwọ́ lu òrùlé rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, awakọ̀ náà sì fi ọkọ̀ lé mi dé òpópónà mẹ́ta. Kò kọlù mí, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé lójú ẹni tí ó wà nínú ọkọ̀, ẹni tí ó bá fọwọ́ kan ọkọ̀ òun ti fọwọ́ kan ara òun. Ẹ má fọwọ́ kan ọkọ̀. Ẹ má ju nǹkan. Ẹ má fi ìka bú ẹnikẹ́ni. Ẹ yà sí ẹ̀gbẹ́, ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ mí sínú mí sóde títí ọwọ́ yóò fi dẹ́kun gbígbọ̀n, nítorí ẹni tí ó ń gbọ̀n kì í fojú sí ọkọ̀ tí ń bọ̀.

Bí ó bá dúró, tí ó sì sọ̀ kalẹ̀

Bí ẹ bá rí i pé ọkọ̀ dúró níwájú yín tí ilẹ̀kùn sì ń ṣí, ẹ má ṣe dé ibẹ̀. Ẹ yí padà bí àyè bá wà, tàbí kí ẹ fa kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́ gba ibi tí ọkọ̀ kò lè gbà: ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, ọgbà ìgbafẹ́, àárín ọjà. Ibi tí èrò pọ̀ sí ni kí ẹ dojú kọ, ìbáà ṣe ilé ìtajà tàbí àgọ́ ọlọ́pàá. Ẹ má lọ sílé tààrà bí ó bá ṣì ń tẹ̀lé yín, kí ó má baà mọ ibi tí ẹ ń gbé.

Bí kò bá sí ọ̀nà àtilọ, ẹ sọ̀ kalẹ̀ kí ẹ sì fi kẹ̀kẹ́ sáàárín yín àti òun. Ẹ ṣí ọwọ́ yín sílẹ̀ kí ó lè rí i. Ẹ má bọ́ akoto. Ọ̀rọ̀ rere ní ń yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní ń yọ ọfà lápó: gbólóhùn kan tàbí méjì pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́ ti tó, bíi “Ẹ̀rù bà mí níbẹ̀ ni, ẹ má bínú, ẹ jẹ́ ká máa lọ.” Kò pọn dandan kí ẹ gbà pé ẹ jẹ̀bi. Ohun tí ẹ ń wá ni kí ó padà sínú ọkọ̀ rẹ̀. Bí ó bá gbé ọwọ́ sókè, ẹ fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ kí ẹ sá, kí ẹ sì kígbe pe àwọn ènìyàn. A lè ra kẹ̀kẹ́ mìíràn.

Lẹ́yìn tí ó ti ṣẹlẹ̀

Ẹ tètè kọ nọ́ńbà ọkọ̀ náà sílẹ̀, nítorí òun ni ó máa ń kọ́kọ́ kúrò lórí. Bí ẹ kò bá ní bírò, ẹ pè é sókè sínú fóònù kí ó gba ohùn yín sílẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọ̀ ọkọ̀, ibi tí ó ti ṣẹlẹ̀, aago, bí awakọ̀ ti rí, àti nọ́ńbà fóònù ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ṣojú rẹ̀ tí ó bá gbà láti jẹ́rìí. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ ní ọjọ́ náà gan-an. Ẹ kọ ohun tí ẹ rí, ẹ má kọ ohun tí ẹ rò pé ó wà lọ́kàn awakọ̀.

Bí ọkọ̀ bá kàn yín, ẹ má ṣe dìde kí ẹ sọ pé kò sí nǹkan. Ara tí ó ṣì gbóná kì í tètè mọ ìrora. Bí ẹ bá fi orí gbálẹ̀, tí orí fífọ́, èébì, òòyì tàbí oorun àsùnjù bá tẹ̀lé e láàárín ọjọ́ méjì, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ láìdúró. Ẹ ya àwòrán kẹ̀kẹ́ àti ọgbẹ́ kí ẹ tó tún wọn ṣe, ẹ má sì gba owó lọ́wọ́ awakọ̀ lójú pópó kí ọ̀rọ̀ lè parí síbẹ̀, nítorí ẹ kò tíì mọ iye tí ìpalára náà jẹ́.

Kámẹ́rà kékeré lórí kẹ̀kẹ́ wúlò gan-an níbi tí òfin bá ti gbà á. Kò ní dá awakọ̀ oníwàkiwà lẹ́kun, ṣùgbọ́n ó ń yọ ọ̀rọ̀ kúrò nínú “ó sọ báyìí, mo sọ báyìí”. Ẹ gbé àwòrán náà fún ọlọ́pàá kí ẹ tó gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì, nítorí àwòrán tí gbogbo ayé ti wò lè di ìdíwọ́ fún ẹjọ́. Ìfisùn kan lè dà bí ẹni pé kò jẹ́ nǹkan, ṣùgbọ́n bí púpọ̀ bá wà lórí oríta kan náà, àwọn aláṣẹ a mọ ibi tí ó yẹ kí wọ́n wò. Ní ọdún 2016, àwọn ọlọ́pàá West Midlands ní ilẹ̀ Britain bẹ̀rẹ̀ sí rán àwọn ọlọ́pàá jáde lórí kẹ̀kẹ́ láìwọ aṣọ iṣẹ́. Awakọ̀ tí ó bá sún mọ́ wọn jù nígbà tí ó ń kọjá ni wọ́n ń dá dúró, tí wọ́n sì ń fi hàn án lórí ilẹ̀ bí àyè tí ó yẹ ti gùn tó.

Ọ̀rọ̀ kan ṣẹ́kù tí a kì í sábà sọ. Ẹ̀rù lè kù sí ara fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tí ìró ọkọ̀ lẹ́yìn yóò máa mú ara bù máṣọ. Ẹ má fi ipá lé e lọ. Ní ọjọ́ tí ẹ bá kọ́kọ́ padà, ẹ jáde ní àárọ̀ kùtù kí ọkọ̀ tó pọ̀, kí ẹ bẹ ẹnì kan tí ó mọ kẹ̀kẹ́ gùn kí ó wà lẹ́yìn yín díẹ̀, kí ẹ sì gba ọ̀nà mìíràn dé ibi tí ẹ ń lọ. Bí ara bá ti balẹ̀ lórí ìyẹn ni kí ẹ tó padà sí òpópónà tí ó ti ṣẹlẹ̀, ní wákàtí tí ibẹ̀ bá pa rọ́rọ́. Bí ẹ kò bá sì fẹ́ gba ibẹ̀ mọ́ láéláé, ẹ má gbà á.